Òórùn Inú Àgò Eku Ọ̀sìn: Orísun Rẹ̀, Ewu Rẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kápá Rẹ̀

Òórùn tó ń gba yàrá tí wọ́n ti ń sin eku kì í sábà jẹ́ ti eku fúnra rẹ̀. Eku tí ara rẹ̀ le, tó ń jẹ oúnjẹ tó yẹ, tí ibi tó ń sùn sì gbẹ, kì í rùn. Òórùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú irun rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́ àfi bí èèyàn bá gbé e sún mọ́ imú. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú ìtẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àgò, ni àlejò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó bá ti ṣí ilẹ̀kùn. Àgò ló yẹ kí olùtọ́jú kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó di ẹ̀bi ru ẹranko.

Eku tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Rattus norvegicus, tí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di ohun ọ̀sìn inú ilé ní ọ̀rúndún 19. Jack Black, ẹni tó ń fi pípa eku ṣe iṣẹ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láyé Ọbabìnrin Victoria, a máa ṣa àwọn tí àwọ̀ wọn ṣàjèjì sọ́tọ̀, a máa mú wọn bímọ, a sì máa tà wọ́n fún àwọn tó bá fẹ́ sìn wọ́n. Ní 1901, Mary Douglas rọ ẹgbẹ́ National Mouse Club títí wọ́n fi gba eku láàyè níbi ìdíje wọn ní Aylesbury, nígbà tó sì di 1976 ni wọ́n dá National Fancy Rat Society sílẹ̀. Irú eku yìí kan náà ni eku funfun tó wà ní ilé ìwádìí káàkiri ayé, títí kan ti àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ nípa òórùn àgò eku fi jinlẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ, nítorí pé ẹni tó ń sin ọgọ́rọ̀ọ̀rún eku nínú ilé kan kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú afẹ́fẹ́ tí àwọn ẹranko náà àti àwọn òṣìṣẹ́ jọ ń mí.

Òórùn asín, ẹranko kékeré onímú ṣóńṣó tí gbogbo ilé mọ̀, yàtọ̀ pátápátá. Asín jọ eku, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí eku. Ara rẹ̀ gan-an, láti ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀, ni òórùn rẹ̀ ti ń jáde, kò sì sí ìmọ́tótó tó lè mú un kúrò. Eku ilé tó ń sáré nínú àjà pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ mú sínú àgò. Mastomys natalensis, irú eku kan tó pọ̀ nílé àti lóko ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè kó àrùn náà ran èèyàn. Ìlú Lassa ní agbègbè Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969. Bí òórùn ìtọ̀ eku bá ń jáde láti inú àjà tàbí láti ẹ̀yìn àpò gaàrí, ìdènà àrùn ló yẹ kí onílé dojú kọ, ọ̀nà ọ̀tọ̀ sì ni ìyẹn.

Ìtọ̀ eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Yúríà pọ̀ nínú rẹ̀, yúríà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò-àpò gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ara eku ló ń ṣe é nígbà tó bá ń tú purotéènì inú oúnjẹ palẹ̀, kíndìnrín a sì tì í jáde. Bí ìtọ̀ bá ti kan ìtẹ́lẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti inú ìgbẹ́ wá a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yúríà náà, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ ni amóníà, afẹ́fẹ́ tó ń ta èèyàn nímú, tó ń mú ojú ṣomi. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí a máa yá kánkán níbi tó bá lọ́rinrin tó sì móoru. Nítorí náà, ìtẹ́lẹ̀ tó lè pẹ́ díẹ̀ nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà òjò ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà òtútù ni wàhálà tirẹ̀: gbogbo fèrèsé wà ní títì, ẹ̀rọ amúlémóoru ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, amóníà kò sì rí ọ̀nà gbà jáde nínú yẹ̀wù kékeré tí ọmọ ilé gbé àgò sí.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká olùtọ́jú lára jù lọ ni ti ìlera. Imú nìkan ni eku fi ń mí; kò lè fi ẹnu rọ́pò rẹ̀ bí imú bá dí. Orí ìtẹ́lẹ̀ ló ń gbé, inú rẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ gan-an sì ni amóníà ti ń jáde, kó tó fọ́n káàkiri yàrá dé imú èèyàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ eku ọ̀sìn ló sì ti ní Mycoplasma pulmonis lára láti kékeré, kòkòrò kan tó ń ba ọ̀nà èémí àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 1976, Broderson, Lindsey àti Crawford tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú American Journal of Pathology. Wọ́n fi kòkòrò yìí sára àwọn eku, wọ́n sì fi wọ́n sínú afẹ́fẹ́ tí amóníà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 25 nínú mílíọ̀nù kan títí dé 250. Àìsàn imú, etí, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró le lára wọn ju ti àwọn tí amóníà kò kàn lọ. Ìdá 25 yìí kan náà ni àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà dámọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí ààlà fún òṣìṣẹ́ ní ìpíndọ́gba ọjọ́ iṣẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ a sì máa lọ sílé lálẹ́. Eku kò ní ilé mìíràn. Bí eku bá ń sín ṣáá, tí omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbẹ sí etí ojú àti imú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú àgò wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n fura sí. Omi pupa náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ló ti ń sun, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ara bá ń ni ín tàbí bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

Imú olùtọ́jú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Imú èèyàn a máa mọ́ òórùn lára, débi pé ẹni tó ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àgò lè má gbọ́ ohunkóhun mọ́ nígbà tí àlejò ti ń di imú. Ọ̀nà tó dára láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí olùtọ́jú ti ìta dé lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, kó lọ tààrà síbi àgò, kó sì gbé imú rẹ̀ sílẹ̀ dé ibi tí eku ń sùn. Bí òórùn bá ta á nímú níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń ta eku.

Ẹni tó bá wá gbọ́ èyí lè rò pé kí wọ́n máa fọ gbogbo àgò lójoojúmọ́ ni ojútùú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ni eku fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ń rìn, a máa kán ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, sórí pẹpẹ, sára eku ẹgbẹ́ rẹ̀, àní sí ọwọ́ ẹni tó gbé e pàápàá. Láti inú òórùn yìí ni àwọn yòókù ti ń mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ojúlùmọ̀ ni tàbí àjèjì, àti ipò tó wà láàrin agbo. Akọ ló ń ṣe é jù, ṣùgbọ́n abo náà ń ṣe é. Bí wọ́n bá fọ àgò títí tí kò fi sí òórùn kankan mọ́, eku a rí i pé ilé òun ti di ilé onílé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán ìtọ̀ kiri lákọ̀tun. Àgò tí wọ́n ń fọ̀ jù a máa tètè padà rùn, ọkàn àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í balẹ̀.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe wà láàrin méjèèjì. Lójoojúmọ́, wọ́n a kó ìgbẹ́ àti ibi tó ti rin gbingbin kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n a fi aṣọ ọ̀rinrin nu pẹpẹ, àkàbà àti ọ̀pá àgò, nítorí pé ìtọ̀ tó gbẹ mọ́ orí ike àti irin ń rùn tó ti inú ìtẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í rántí rẹ̀. Wọ́n a pààrọ̀ ìtẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń dọ̀tí. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n a fi díẹ̀ sílẹ̀ lára ìtẹ́lẹ̀ àtijọ́ tó gbẹ, tàbí aṣọ kan tí eku ti sùn lé, kí ilé má bàa di àjèjì. Iye ọjọ́ tó yẹ láàrin ìfọ̀ kan sí èkejì kì í dọ́gba níbi gbogbo: bí eku ṣe pọ̀ tó, bí àgò ṣe fẹ̀ tó, bí ìtẹ́lẹ̀ ṣe nípọn tó àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí ló ń pinnu rẹ̀. Fífi eku kan ṣoṣo sínú àgò kí òórùn lè dín kù kì í ṣe ọ̀nà rere. Ẹranko agbo ni eku, ìdáwà sì ń ṣe é ní jàǹbá.

Eku ṣeé kọ́ láti máa yàgbẹ́ sójú kan. Igun kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yàn fúnra wọn. Bí wọ́n bá gbé àwo pẹlẹbẹ kan síbẹ̀, tí wọ́n da ìtẹ́lẹ̀ tó yàtọ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìgbẹ́ díẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì, kì í pẹ́ kó tó yé eku. Òkúta pẹlẹbẹ kan nínú àwo náà a máa fà wọ́n láti tọ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ìtọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àmì kò ní tipa bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró o, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù á wà níbi tó ṣeé kó.

Orí ìtẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ìtẹ́lẹ̀ tó dára gbọ́dọ̀ fa omi mu, kó má ní eruku, kó má sì ní oje olóòórùn tó ń pa ẹranko lára. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Èérún igi kédárì àti ti páìnì ń ta sánsán, èèyàn sì lè rò pé wọ́n ń borí òórùn ìtọ̀. Oje inú igi náà gan-an ló ń ta sánsán, eku sì ń mí i sínú. Ní 1967, Elliot Vesell kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Science pé irú èérún igi bẹ́ẹ̀ ń yí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ eku padà, débi pé ẹ̀dọ̀ wọn ń tú oògùn palẹ̀ kíákíá ju bó ti yẹ lọ. Páìnì tí wọ́n ti fi iná ààrò gbẹ dáadáa sàn díẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú oje rẹ̀ ti lọ. Kédárì kò dára rárá.

Igi aspen ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí yàn. Ìtẹ́lẹ̀ oníbébà ń fa omi mu dáadáa, gbígba omi nìkan kọ́ sì ni wọ́n fi ń dá ìtẹ́lẹ̀ lẹ́jọ́. Nínú ìwádìí tí Charlotte Burn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006, àwọn eku tó wà lórí aspen sín ju àwọn tó wà lórí bébà lọ, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì pọ̀ lára wọn jù. Aṣọ rírọ̀ tó dà bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn kan ń tẹ́ nítorí ẹwà rẹ̀, kì í fa ìtọ̀ mu. A máa jẹ́ kó kọjá sí ìsàlẹ̀ ni, níbi tí yóò ti máa rùn lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti tẹ́ ohun tó ń gba omi sábẹ́ rẹ̀, kó sì múra tán láti máa fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, èérún pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ló rọrùn jù láti rí, òun náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn ilé eku ìwádìí ń lò. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé igi oríṣiríṣi ló pa pọ̀ nínú àpò kan. Ẹ̀rún ìrókò, fún àpẹẹrẹ, ń yún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lára, ó sì ń mú wọn sín. Ohun tó ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàánú imú eku. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára kí olùtọ́jú bá ẹni tó ń la pákó sọ̀rọ̀, kó gba èyí tó ti ara igi funfun fúyẹ́ tí wọn kò fi oògùn sí wá, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìfági fá dípò ẹ̀rún kíkúnná, kó jọ̀ ọ́ kí eruku rẹ̀ lè bọ́, kó sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Kùkù àgbàdo lílọ̀ ń fa omi mu, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ hu olú lójú ọjọ́ tó lọ́rinrin. Èèpo ìrẹsì tó wọ́pọ̀ ní oko adìẹ kún fún eruku jù.

Àgò onírin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbà jáde ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ eku. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja a máa há amóníà mọ́lẹ̀, kò sì yẹ fún wọn. Pẹpẹ onípákó a máa mu ìtọ̀ títí yóò fi rùn dé inú, kò sì sí ìfọ̀ tó lè yọ ọ́. Ike tàbí irin tí wọ́n kùn dáadáa ló ṣeé nù. Irin tí kò ní ọ̀dà a máa dípẹtà, ìtọ̀ a sì wọ inú ìpẹtà náà. Ó yẹ kí àgò wà nítòsí fèrèsé, kí oòrùn má ta á tààrà, kí atẹ́gùn tútù má sì máa fẹ́ lù ú. Eku kì í làágùn, ooru tó bá sì kọjá ìwọ̀n 30 lórí Celsius lè pa á. Ìgò omi pẹ̀lú ní láti wà lábẹ́ ìṣọ́, torí pé èyí tó bá ń jò á sọ igun kan di ẹrẹ̀ ní òru kan, ibẹ̀ ni òórùn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ tí kò ta sánsán tó fún ìfọ̀ púpọ̀. Fínígà tí wọ́n fi omi là ní ìdajì-ìdajì wúlò gan-an: ásíìdì inú rẹ̀ a máa pa amóníà, a sì máa tú iyọ̀ ìtọ̀ funfun tó gan mọ́ ike. Wọ́n a dà á sí i, wọ́n a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n a ṣan án nù, wọ́n a sì jẹ́ kí àgò gbẹ tán kí eku tó padà síbẹ̀. Bílíìṣì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà gẹ́gẹ́ bíi Jik tàbí Hypo, gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìtọ̀ tí wọn kò tíì fọ̀ kúrò. Bó bá pàdé amóníà, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde. Bó bá pàdé fínígà, èyí tó ń jáde tún burú. Ẹ̀dọ̀fóró olùtọ́jú fúnra rẹ̀ wà nínú ewu níbẹ̀. Ẹni tó bá ní láti lo bílíìṣì nítorí àrùn, kó kọ́kọ́ fọ àgò mọ́ tónítóní, kó pò ó pẹ̀lú omi púpọ̀, kó lò ó níta, kí eku sì wà níbòmíràn.

Ohun tí kò dára rárá ni fífi òórùn bo òórùn. Òórùn dídùn inú agolo tí wọ́n ń fín, tùràrí, àbẹ́là olóòórùn àti kánfọ̀ tí wọ́n ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kò sí èyí tó ń mú amóníà kúrò nínú wọn. Wọ́n kàn ń fi ẹrù mìíràn kún èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró eku ni. Kánfọ̀ jẹ́ májèlé fún ẹranko kékeré, kò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú asẹ́ HEPA wúlò fún eruku àti irun, ṣùgbọ́n amóníà ń gba inú asẹ́ náà kọjá. Asẹ́ eléèédú ń mú àwọn òórùn mìíràn, agbára rẹ̀ lórí amóníà kò sì pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ósóònù ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún èèyàn àti eku.

Oúnjẹ ní ipa tirẹ̀. Purotéènì tó bá pọ̀ ju ohun tí ara nílò lọ, yúríà ni yóò dà, yúríà a sì di amóníà. Eku tó ti dàgbà kò nílò ẹran, ẹja gbígbẹ, edé tàbí ẹyin lójoojúmọ́. Díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó. Oúnjẹ ológbò tàbí ajá kò yẹ kó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Eku a tún máa kó oúnjẹ pamọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì sísè àti ewébẹ̀ tó gbé sábẹ́ ibùsùn yóò kan láàrin ọjọ́ kan, nítorí náà, kí olùtọ́jú wá ibi ìpamọ́ wọn lálaalẹ́, kó kó ohun tútù kúrò, kó sì fi èyí tó gbẹ sílẹ̀ fún wọn.

Láàrin akọ àti abo, akọ ló ń rùn jù. Testosterone ló ń mú kó máa tọ̀ kiri, òun náà ló sì ń mú kí òróró aláwọ̀ ọsàn jáde sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí irun ibẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, méjèèjì a dín kù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ni ìtẹ̀lọ́dàá, oògùn oorun sì ní ewu fún ẹranko tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Òórùn nìkan kì í ṣe ìdí tó tó fún un. Ẹni tí òórùn akọ bá ń dà láàmú gidigidi, kó ti ìbẹ̀rẹ̀ yan abo méjì tàbí mẹ́ta. Wíwẹ̀ fún eku kì í ṣe ojútùú pẹ̀lú. Ọṣẹ a máa bọ́ òróró ara rẹ̀, awọ ara a gbẹ, òtútù a mú un, ẹ̀rù a sì bà á. Aṣọ ọ̀rinrin tí wọ́n fi nu ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ tó. Eku tó ti darúgbó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́, ló yàtọ̀: ìtọ̀ rẹ̀ ń kán sí i lára, kò sì lè tọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó yẹ kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ, kí awọ rẹ̀ má bàa bó.

Òórùn kan wà tí àgò kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ilé bá mọ́, tí ìtẹ́lẹ̀ gbẹ, tí òórùn sì ń jáde lára eku kan ṣoṣo, àìsàn ni kí wọ́n wá. Oówo tó ti gba ọyún a máa rùn gan-an, ó sì lè fara pamọ́ sábẹ́ irun níbi tí eku ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bù ú jẹ. Etí tó ń ṣọyún a máa mú kí ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Eyín tó gùn kọjá ààlà a máa há oúnjẹ sẹ́nu títí yóò fi jẹrà. Ilé ọmọ abo lè ṣọyún, omi olóòórùn a sì máa jáde láti ojú ara rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti ìtọ̀ tí òórùn rẹ̀ yí padà lójijì náà wà níbẹ̀. Ọdún méjì sí mẹ́ta péré ni eku ń lò láyé, àìsàn rẹ̀ sì ń yára rìn ju ti ajá tàbí ológbò lọ. Ẹni tó bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀, kó gbé e tọ dókítà ẹranko lọ lọ́jọ́ náà gan-an.